Ìbéèrè Yín: Ráútà ò jẹ́ kí n wọlé mọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì iléeṣẹ́ kan ní Òkè-Fìà, Òṣogbo níbí. Ráútà Cisco la ń lò. Tí mo bá fi SSH, ìyẹn ọ̀nà tí èèyàn ń gbà darí ẹ̀rọ láti òkèèrè, wọlé láti ilé, tí mo wá dìde díẹ̀, á ti lé mi jáde kí n tó padà dé. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n tẹ exec-timeout 0 0, mo sì tẹ̀ ẹ́. Ní báyìí, “Connection refused” ni mò ń rí, bẹ́ẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́ geerege. Kí ló fà á?

ÌDÁHÙN: Ó jọ pé àṣẹ tí ọ̀rẹ́ yín fún yín yẹn náà ni. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ jẹ́ ìṣẹ́jú, ìkejì jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá. Òdo méjì túmọ̀ sí pé kí ráútà má lé ẹnikẹ́ni jáde láé. Bí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án, ìṣẹ́jú 10 ló máa ń dúró.

Àyè tí èèyàn ń gbà wọlé láti òkèèrè, ìyẹn vty, kò pọ̀. Lórí ọ̀pọ̀ ráútà, márùn-ún péré ni, láti 0 dé 4. Tí iná bá lọ tí módẹ́ẹ̀mù ilé kú lójijì, kọ̀ǹpútà yín ò ráyè dágbére fún ráútà. Lójú tiẹ̀, ẹ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ tún wọlé, ẹ tún gba àyè mìíràn. Bó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó ti kún nìyẹn.

Ẹ lọ sídìí ráútà fúnra rẹ̀, kí ẹ ki wáyà console, èyí tó ń so kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà ní tààrà, bọ̀ ọ́. Àyè tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ẹ tẹ show users, kí ẹ wo abẹ́ Idle. Èyí tó ti wà níbẹ̀ fún wákàtí gbọọrọ láìsí ẹni tó ń lò ó, ẹ lé e: clear line vty 2, bó bá jẹ́ 2 ni nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ sì tẹ Enter láti fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà:

configure terminal
service tcp-keepalives-in
line vty 0 4
exec-timeout 10 0
line con 0
exec-timeout 10 0
end
write memory

Ìlà kejì yẹn ló ń jẹ́ kí ráútà máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹni tó wà lódìkejì ṣì wà láàyè. Bí show running-config bá fi line vty 5 15 hàn, ẹ tẹ exec-timeout 10 0 síbẹ̀ náà. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Ẹ má sì fojú di line con 0, ìyẹn àyè console: ẹni tó bá ki wáyà bọ̀ ọ́ lẹ́yìn yín lè bá gbogbo àṣẹ yín ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu. Tí ẹ kò bá tẹ write memory, iná lílọ kan ló máa pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Bí ìṣẹ́jú 10 bá kéré, ẹ fi sí 15. A ò ní gbà yín níyànjú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlànà PCI DSS fáwọn tó ń gba owó káàdì náà kò gbà kó ju 15 lọ.

ÌBÉÈRÈ: Mo tan keepalive (àmì kékeré tí kọ̀ǹpútà ń fi ránṣẹ́ léraléra) lórí PuTTY, ètò tí mo fi ń wọ ráútà, ní ìṣẹ́jú àáyá 30, síbẹ̀ ráútà ń lé mi. — Òǹkàwé, Ìgbọ̀nà

ÌDÁHÙN: Keepalive ń ṣọ́ ojú ọ̀nà ni, kí módẹ́ẹ̀mù má baà gbàgbé yín. Ohun tí ẹ fọwọ́ tẹ̀ nìkan ni exec-timeout ń kà. Kódà bí ìròyìn terminal monitor (àṣẹ tó ń mú kí ráútà fi ìròyìn rẹ̀ hàn yín) bá ń rọ́ wá sójú ẹ̀rọ yín, kò kà á sí iṣẹ́.