Chenin Blanc yín tó kan yẹn ò bàjẹ́ o

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọdún, ẹ kú ìnáwó Ojúde Ọba. Ẹ ní wọ́n fi Chenin Blanc, wáìnì funfun olówó gọbọi, ta yín lọ́rẹ láti South Africa, ẹ gbé e fún àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ yín, gbogbo wọn fajú ro, wọ́n ní omi ọsàn wẹ́wẹ́ lẹ fún àwọn. Ó wá ku ìgò kan, ẹ fẹ́ dà á nù.

Ẹ má dán an wò! Ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń bú ọtí torí pé ó kan, ṣé gàárì wa kì í kan ni? Kíkan yẹn wà nínú èso àjàrà náà látilẹ̀, òun ló sì ń jẹ́ kí irú wáìnì bẹ́ẹ̀ lè pẹ́ nílẹ̀.

Yìnyín ni mo fura sí. Lóde ìnáwó wa, ohunkóhun tó bá ti wà nínú ìgò, inú bàsíà yìnyín ló ń lọ. Òtútù á pa òórùn rẹ̀, kíkan nìkan á ṣẹ́kù. Dígírì 10 sí 12 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló dáa fún un. Èmi á yọ ọ́ nínú fíríìjì, màá fi sórí tábìlì fún bí ìṣẹ́jú 20, màá wá bu díẹ̀ sínú gíláàsì tó fẹ̀ nínú. Èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ ló kọ́kọ́ máa ń rùn. Tó bá yá, tí ara gíláàsì ò bá làágùn mọ́, ápù tó pọ́n á yọjú, oyin á tẹ̀lé e.

Ẹ wo ọrùn ìgò náà. Tí èdìdì Old Vine Project, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo igi àjàrà àgbà ní South Africa, bá wà níbẹ̀, ọdún tí wọ́n gbin àjàrà náà wà lára rẹ̀. Igi tí ò bá tíì pé ọdún 35 ò lè gbà á. (Vieilles Vignes, ìyẹn "igi àjàrà àgbà", tí àwọn Faransé ń kọ sára ìgò tiwọn, òfin wọn ò sọ iye ọdún, ẹni tó ṣe ọtí náà ni kẹ́ ẹ wò.) Tí wọ́n bá kọ Single Vineyard sára ìgò South Africa, inú ọgbà àjàrà kan ṣoṣo tí ò ju hẹ́kítà 6 lọ ló ti wá, wọn ò fi ti ibòmíràn lú u. Igi àgbà kì í so púpọ̀, àmọ́ ìwọ̀nba tó bá so máa ń kún fún adùn. Ẹ gbé e mì, kẹ́ ẹ sinmẹ̀dọ̀: adùn náà ò ní tètè kúrò lẹ́nu. Ibẹ̀ ni mo ti ń dá ọtí igi àgbà mọ̀, kì í ṣe nínú òórùn.

Èyí tó bàjẹ́ lóòótọ́ yàtọ̀. Mo ra ọ̀kan rí ní ṣọ́ọ̀bù kan n'Íjẹ̀bú-Òde, ojú fèrèsé tí oòrùn ń pa ni wọ́n tò ó sí. Kọ́ọ̀kì rẹ̀ ti ta sókè, àwọ̀ rẹ̀ ti ń pọ́n, kò sí adùn kankan nínú rẹ̀ mọ́. Owó gbé.

Ìkọ́kọrẹ́ ni kẹ́ ẹ fi mu ti yín, kẹ́ja pọ̀ níbẹ̀, kíkan ọtí náà á ṣán epo kúrò lẹ́nu. Ẹ dín ata kù, torí ata máa ń jẹ́ kí ọtí ta èèyàn. Títí dọjọ́ náà, ẹ tẹ́ ìgò náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ má gbé e sórí fíríìjì, ooru wà níbẹ̀. Ẹ má sì pe rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ sí i mọ́ o, ẹni mẹ́ta ti pọ̀.