Ṣé Ẹ̀wọ̀n Ni Wọ́n Ń Rán Onígbèsè Lọ ní England?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Peckham ni mo ń gbé, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ń ṣe. Láti ìgbà tí wọ́n ti dín wákàtí iṣẹ́ mi kù ni gbèsè ti wọ̀ mí lọ́rùn. Ó ti lé ní £23,000. Wọ́n ní kí n lọ gba àṣẹ ìdáríjì gbèsè tí wọ́n ń pè ní DRO, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn ní ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé apá òun kò ká gbèsè mọ́ ti rán ara rẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n. Ṣé òótọ́ ni? (Ìyá Ìbejì)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú. Kò sí ẹ̀wọ̀n nínú ọ̀rọ̀ yìí mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n yín kò parọ́ mọ́ àtijọ́.

Òfin àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe lórí ẹni tí apá rẹ̀ kò ká gbèsè mọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní bankruptcy, láyé Ọba Henry Kẹjọ ní 1542, ka onígbèsè sí ọ̀daràn: wọ́n á kó ẹrù rẹ̀, wọ́n á pín in fún àwọn tó jẹ lówó, èyí tó bá ṣẹ́ kù á sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ní 1705 ni wọ́n tó gbà láti pa ìyókù gbèsè rẹ́ fún ẹni tó bá fi òótọ́ inú kó ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò nìkan ni àánú náà wà fún, ikú sì ni ìjìyà oníṣòwò tó bá fi ẹrù pamọ́. Mẹ̀kúnnù tó ra oúnjẹ láwìn kò sí níbẹ̀. Ní 1824, wọ́n ti bàbá Charles Dickens, òǹkọ̀wé nì, mọ́ ẹ̀wọ̀n Marshalsea ní Southwark, tòsí ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀, nítorí £40 àti ṣílè mẹ́wàá tó jẹ oníbúrẹ́dì. Ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ kéékèèké kó lọ bá a nínú ẹ̀wọ̀n. Charles, ọmọ ọdún 12, ń lẹ bébà mọ́ ìkòkò pólíìṣì bàtà níléeṣẹ́ kan. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rántí rẹ̀, torí ta ni yóò san gbèsè nígbà tí wọ́n ti ti ẹni tó yẹ kó ṣiṣẹ́ mọ́lé?

Òfin 1861 ṣílẹ̀kùn àánú náà fún ẹni tí kì í ṣe oníṣòwò, ti 1869 sì fòpin sí ẹ̀wọ̀n gbèsè fún ọ̀pọ̀ jù lọ ènìyàn. Láti oṣù kẹrin 2004, ọdún mẹ́ta tí onígbèsè fi ń wà lábẹ́ àṣẹ bankruptcy di ọdún kan. Síbẹ̀, wọ́n ń gba owó (£680 ni lónìí) lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n kéde òun pé apá òun kò ká gbèsè mọ́, ìyẹn ni pé tálákà gan-an kò lè wọlé. Nítorí irú wọn ni wọ́n ṣe dá DRO sílẹ̀ ní 2009. Gbèsè £15,000 ni òpin rẹ̀ nígbà náà. Láti oṣù kẹfà 2024 ó ti di £50,000, wọ́n sì ti fagi lé £90 tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Ohun tó tọ́ gbáà ni wọ́n ṣe.

Kí ẹ tó lè rí i gbà, ohun tó ń ṣẹ́ kù lọ́wọ́ yín lóṣù lẹ́yìn ìnáwó ilé kò gbọ́dọ̀ ju £75, ohun ìní yín kò gbọ́dọ̀ ju £2,000, yàtọ̀ sí ọkọ̀ tí iye rẹ̀ kò ju £4,000. Ẹ kò lè fúnra yín kọ̀wé. Olùdámọ̀ràn gbèsè tí ìjọba fọwọ́ sí ló ń bá ènìyàn kọ ọ́, irú èyí tó wà ní Citizens Advice, ọ̀fẹ́ sì ni. Fún oṣù 12, àwọn tí ẹ jẹ lówó kò ní lè dà yín láàmú. Bí nǹkan kò bá yí padà, gbèsè náà parẹ́. Owó ìtanràn ilé ẹjọ́ àti owó ìtọ́jú ọmọ kò sí lára rẹ̀.

Èyí tó ń kó àwọn ènìyàn wa sí wàhálà ni àjọ. Bí ẹ bá ti kó àjọ tí ẹ kò tíì dá tán, ojú lè máa tì yín, kí ẹ sì fẹ́ sáré san án, tàbí kí ẹ san ti àbúrò yín, kí ẹ tó lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin ń wo ohun tí ẹ san láàárín ọdún méjì sẹ́yìn, bó bá sì jọ pé ẹ ṣojúsàájú, wọ́n lè kọ̀ láti gba ìwé yín. Ẹ kọ orúkọ ìyá alájọ sílẹ̀ pẹ̀lú ti báǹkì, kí ẹ sì sọ ọ́ fún olùdámọ̀ràn náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá jókòó.