Kí Oko Má Baà Gba Àkókò Ìwé Lọ́wọ́ Àwọn Ọmọ

Arábìnrin wa nínú Olúwa, ẹ béèrè bóyá ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin àti ọkọ yín, tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí oko, máa kọ́ àwọn ọmọ yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nílé ní ìlànà Kristẹni títí wọn yóò fi tó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, ẹ sì sọ pé ohun tó ń bà yín lẹ́rù ni pé kò sí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ nínú ẹ̀yin méjèèjì. Ó ṣeé ṣe. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ṣe é ní oko wa lágbègbè Ìsẹ́yìn, èyí àgbà nínú wọn sì ti wà ní yunifásítì báyìí. Ohun tí òbí kò bá mọ̀, ó lè jókòó kà á lálẹ́ kí ó tó kọ́ ọmọ ní ọjọ́ kejì. Oko fúnra rẹ̀ ni kí ẹ máa ṣọ́, nítorí òun ni yóò máa bá ìwé du àkókò àwọn ọmọ, iṣẹ́ rẹ̀ kì í sì í tán.

Ẹ ó rí i nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ lóṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin. Ilẹ̀ yóò rọ̀, alágbàṣe yóò wọ́n bí ojú, bàbá wọn yóò sì ní kí àwọn ọmọ wá bá òun ju irúgbìn sínú ihò fún òwúrọ̀ ọjọ́ kan péré. Òwúrọ̀ kan yóò di ọ̀sẹ̀ kan. Kí gbíngbìn tó parí, èpò ti yọjú, ẹ̀gẹ́ èṣí ti tó wú, gààrí ti wà nílẹ̀ fún yíyan, ìwé àwọn ọmọ sì wà nínú àpótí. Kò sí ẹni tó ní ibi lọ́kàn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 pàápàá gbà kí ọmọ ṣe iṣẹ́ oko fẹ́ẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀, ṣùgbọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ ni òfin wí, ẹni tó bá sì ti kọ ebè rí mọ̀ pé iṣẹ́ yẹn kì í ṣe fẹ́ẹ́rẹ́.

Ìpinnu tí a ṣe ni pé láti ìgbà tí àdúrà òwúrọ̀ bá ti parí títí di ọ̀sán, ìwé ló ni àwọn ọmọ, ìbáà jẹ́ pé òjò rọ̀ tàbí pé ewúrẹ́ já okùn. A máa ń san owó alágbàṣe fún wákàtí wọ̀nyẹn, kódà nígbà tí owó náà ń dùn wá. Bẹ́ẹ̀ ni a kò tẹ̀lé ìsinmi tí àwọn ilé ìwé ń ṣe. A máa ń pa ìwé dé ní àkókò gbíngbìn fún iye ọjọ́ tí a ti fẹnu kò lé lórí ṣáájú, a sì máa ń fi ìgbà ọyẹ́, tí oko dákẹ́, kọ́ wọn ní àwọn iṣẹ́ tó le jù. Ètò yìí ṣe wá lóore ju gbogbo ìwé tí a rà lọ.

Ẹ má rò pé oko jìnnà sí ìjọba. Òfin ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti 2004 sọ ọ́ di dandan fún òbí láti rí i pé ọmọ rẹ̀ parí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama kékeré, èyí tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ lọ rí àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ máa tẹ̀lé àlàkalẹ̀ ẹ̀kọ́ ti NERDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣètò ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ní ilé ìwé, kí ẹ sì tọ́jú gbogbo ìwé tí ọmọ fi ṣiṣẹ́, pẹ̀lú déètì lórí rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tí a kò rò ni ìwé wọ̀nyẹn ti wúlò fún wa jù. Ìyá ọkọ mi wà lára àwọn ọmọ tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955 mú kúrò lóko lọ sí ilé ìwé. Lójú Màmá yìí, ọmọ tó bá wà lóko láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n ti fi ayé rẹ̀ ṣòfò. Gbogbo ìgbà tí Màmá bá dé ni wọ́n ń béèrè ìwé àwọn ọmọ, wọn a sì yẹ̀ ẹ́ wò láti ewé dé ewé. Kí n má parọ́, ìbẹ̀rù Màmá ló ń jẹ́ kí a máàkì iṣẹ́ lásìkò.

Ohun tí oko lè kọ́ ọmọ pọ̀, bí òbí bá ń rí i pé ọmọ ń kọ ohun tó rí sílẹ̀. Bí a bá gbin àgbàdo ní sẹ̀ǹtímítà 75 sí 25, ní ẹyọ kan nínú ihò kan, mélòó ni yóò wà lórí hẹ́kítà kan? Ọmọ tó bá ti fi okùn wọn ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ yóò rí 53,333, yóò sì fẹ́ mọ ìdí tí ẹ̀gẹ́ tí a gbìn ní mítà kan sí mítà kan fi jẹ́ 10,000 péré. Iye tó hù àti iye tí kò hù nínú poro ni àwọn tiwa fi mọ ìdá ọgọ́rùn-ún. Ẹyin tó wà lábẹ́ adìyẹ ń gba ọjọ́ 21. Bí a bá gbé e síwájú iná tọ́ọ̀ṣì lálẹ́ ọjọ́ keje, iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín yóò hàn nínú èyí tó ní ọmọ, èyí tí kò ní yóò sì mọ́ kedere. Kòkòrò tó ń jẹ ọkàn àgbàdo, tó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wọ Áfíríkà, tí a sì kọ́kọ́ rí níbí ní 2016, di ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá fún odidi sáà kan. Wọ́n kọ́ bí a ti ń dá a mọ̀ nípa àmì Y tó dorí kodò níwájú orí rẹ̀ àti àmì dúdú mẹ́rin tó wà nítòsí ìdí rẹ̀, wọ́n yà á sínú ìwé, wọ́n sì ń wá ẹyin rẹ̀ lára ewé. Nígbà tí a bá ń ṣe gààrí, a máa ń ṣàlàyé májèlé sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́, àti bí rírin, kíkan, fífún omi àti yíyan ṣe ń dín in kù.

Ṣùgbọ́n oko kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní àròkọ, bẹ́ẹ̀ ni kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá ni a fi kọ́ àwọn tiwa ní gbogbo iṣẹ́ ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, àwọn ará sì bú wa. Ohun tó fún wa ní ìgboyà ni iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1970, nínú èyí tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn rárá, títí kan Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, Gẹ̀ẹ́sì ní wákàtí tirẹ̀ lójoojúmọ́ nílé wa, wọ́n ń kà á sókè, wọ́n sì ń kọ ojú ìwé kan, kò sí àwáwí. Físíìsì àti ìṣirò ti girama àgbà ju agbára wa lọ. Olùkọ́ kan ń wá láti ìlú ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, a sì ń fi iṣu àti ẹyin kún owó rẹ̀.

Ní ti ìgbàgbọ́, èmi kò fara mọ́ kí a sọ gbogbo ẹ̀kọ́ di ìwàásù. Ìwé Deutarónómì orí 6 ní kí òbí máa kọ́ ọmọ nígbà tó bá jókòó nílé àti nígbà tó bá ń rìn lọ́nà, oko sì mú èyí rọrùn: ọmọ tó ti fa ẹ̀gún kúrò láàárín àgbàdo kò nílò àlàyé gígùn lórí òwe afúnrúgbìn nínú Mátíù 13. Òṣoògùn, níbi tí wọ́n ti mú Àjàyí Crowther lẹ́rú ní 1821, kò jìnnà sí wa, ìtàn rẹ̀ sì ni a fi kọ́ wọn nípa òwò ẹrú, àwòrán ilẹ̀ títí dé Freetown, àti bí odindi Bíbélì Yorùbá ṣe jáde ní 1884. Ẹ má sì fi àwọn ọmọ yín pamọ́ sí oko. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ akọrin àti ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, níbi tí wọn yóò ti rí ọmọ tó lè borí wọn nínú eré àti nínú ọ̀rọ̀.

Ẹ máa wo ìdánwò láti ìbẹ̀rẹ̀. WAEC ń ṣe ìdánwò àṣejáde girama fún àwọn tí kò sí ní ilé ìwé ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, NECO náà sì ní tirẹ̀. Nínú sáyẹ́ǹsì, ìbéèrè inú ìwé ni wọ́n ń fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ipò iṣẹ́ àfọwọ́ṣe, síbẹ̀ ẹni tí kò fojú rí ohun èlò náà rí yóò máa méfò ni, nítorí náà ẹ bá ilé ìwé girama kan sọ ọ́ kí àwọn ọmọ lè máa lo yàrá sáyẹ́ǹsì rẹ̀. JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì, kò ní gba ọmọ láìsí NIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, ọdún 16 sì ni ọjọ́ orí tí ìjọba fi lélẹ̀ fún wíwọ yunifásítì, nítorí náà kò sí ìdí láti máa sáré. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí àti NIN fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nísinsìnyí tí wọ́n ṣì kéré, kí orúkọ tó wà lórí méjèèjì bára mu dé orí lẹ́tà tó kẹ́yìn, nítorí àtúnṣe orúkọ ń gba àkókò àti owó, ìgbà tí ìforúkọsílẹ̀ bá sì ti fẹ́ parí ni àṣìṣe rẹ̀ sábà máa ń hàn.