Ta ló sọ fún ọ pé kò lè yé e?

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó wà ní yunifásítì ní Ìlọrin ló kọ̀wé sí mi. Àpàlà ló ń gbọ́ tọ̀sán-tòru, Hárúnà Ìṣọ̀lá àti Àyìnlá Ọmọwúrà. Amapiano àti Asake ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbọ́. Wọ́n ń pè é ní "Bàbá Àgbà", wọn kì í sì í pè é lọ sóde mọ́. Ó ní ṣé kí òun máa díbọ́n pé òun fẹ́ràn orin tiwọn ni, àbí kí òun wá ẹgbẹ́ mìíràn.

Ọmọ mi, ojú ìwé mẹ́ta lo fi rojọ́ ohun tí wọ́n ṣe fún ọ. Ṣùgbọ́n ìlà kan wà lójú ìwé kejì tí o sáré kọjá lórí rẹ̀: "Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá tilẹ̀ bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ni Hárúnà ń sọ, mo ní kò lè yé e, mo bá ki íápíìsì mi bọ etí padà."

Dúró níbẹ̀. Ẹnì kan dìde lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó wá béèrè ohun tí o fẹ́ràn jù lọ́wọ́ rẹ, o lé e padà. Ìwọ yẹn náà lo wá ń sunkún pé o ò lẹ́nìkan? Inú bí mi gidigidi. Irú lẹ́tà yìí ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi. Ẹni tó ń kàwé, ẹni tí kì í mutí, ẹni tó ń gbọ́ orin àtijọ́, gbogbo wọn ló ń sọ pé ayé kọ àwọn. Bí mo bá ka lẹ́tà náà délẹ̀, màá bá ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti fojú tín-ín-rín ẹlòmíràn.

Orin tí o fi ń gbéra ga yìí ńkọ́, ṣé orin tí èèyàn ń dá gbọ́ ni? Òde ìnáwó ni Hárúnà ti ń kọ ọ́, tó ń ki èèyàn tìdílé-tìdílé, tí agídìgbo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń dún, tí àwọn ẹlẹ́gbè ń gbè é. Àyìnlá ní tirẹ̀, ohun tó ń lọ nígboro ló ń kọ. Nígbà tí owó Udoji dé, ìyẹn àfikún owó oṣù tí ìjọba san fún àwọn òṣìṣẹ́, ó kọ ọ́ lórin. Ọ̀pọ̀ alákọ̀wé ayé ìgbà náà ló ń fojú orin ọmọ ìta wò ó. Ojú tí ìwọ náà fi ń wo amapiano nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì lo pè é ní "ariwo lásán".

Bí o bá fetí sí Asake, wàá gbọ́ fújì níbẹ̀. Fújì ọ̀hún, inú wéré tí wọ́n fi ń jí àwọn mùsùlùmí jẹ sààrì ni Síkírù Àyìndé Barrister ti mú un jáde, ó sì bu àpàlà àti sákárà mọ́ ọn. Ìwọ tí o gbọ́ àpàlà délẹ̀ ló yẹ kó fi èyí han ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá. Yọ íápíìsì. Má gbé èyí tó gba odindi ojú àwo kan fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́ o, yóò sú u. Níbi tí gángan bá ti sọ̀rọ̀, dá orin dúró, bi í pé kí ló gbọ́, kí o tó túmọ̀ rẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí ó gbé tirẹ̀ sí i, kí ìwọ náà jókòó gbọ́ ọ parí.

Àyìnlá ti kú láti ọdún 1980, Hárúnà kú ní 1983. O ò lè bá èyíkéyìí nínú wọn jẹun alẹ́. Ọmọ inú yàrá rẹ ń bẹ níbẹ̀.

Ní ti ìbéèrè rẹ, má díbọ́n, wọ́n á mọ̀. "Bàbá Àgbà" tí wọ́n ń pè ọ́ kò pa ọ́ lára. Ìnagijẹ ni, àwọn náà ní tiwọn. Ní ti òde tí wọn ò pè ọ́ mọ́, ìwọ náà lo kọ ọ́ sí ìparí lẹ́tà rẹ pé ní gbogbo ìgbà tí wọ́n pè ọ́ tẹ́lẹ̀, o ò lọ. Kí lo fẹ́ kí wọ́n ṣe? Sọ fún wọn pé wàá bá wọn lọ sí èyí tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bẹ ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá ná, lálẹ́ òní, kí o sì sọ ohun tí Hárúnà ń wí fún un.