Èsì: Béèlì fún mọ̀lẹ́bí ọkọ ní Íńdíà

Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ní ìyàwó àbúrò ọkọ àbúrò yín ní Delhi ti lọ fẹjọ́ sun ọlọ́pàá pé wọ́n ń fìyà jẹ òun nítorí ẹrù ìyàwó (owó àti ẹrù tí ẹbí ìyàwó ń kó fún ẹbí ọkọ ní Íńdíà), àti pé orúkọ àbúrò yín àti ti ìyá ọkọ wọn wà níbẹ̀. Ṣé wọ́n lè gba béèlì kí ọlọ́pàá tó mú wọn? Bẹ́ẹ̀ ni.

Abala 498A nínú òfin ìwà ọ̀daràn àtijọ́ Íńdíà ni ẹ̀sùn náà tẹ́lẹ̀. Láti July 2024, ó ti di abala 85 nínú BNS, òfin ìwà ọ̀daràn tuntun. Abala 482 nínú BNSS, òfin tuntun lórí ìlànà ẹjọ́ ọ̀daràn, ló fàyè gba béèlì ọ̀hún. Sessions Court (ilé-ẹjọ́ ọ̀daràn ti àgbègbè) tàbí High Court (ilé-ẹjọ́ gíga) ni lọ́yà ti máa tọrọ rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ nípa àbúrò yín gan-an dáadáa. Ní 2022, nínú ẹjọ́ Kahkashan Kausar, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fagi lé ẹ̀sùn tó kàn kó mọ̀lẹ́bí ọkọ pọ̀ láìsọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe. Bí ilé ọ̀tọ̀ ni àbúrò yín ń gbé, kí ó wá ìwé ilé náà jáde. Bí ọlọ́pàá bá fìwé pè é, kó lọ, kó má sá.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má pe ìyàwó yẹn láti dẹ́rù bà á. Ojú rẹ̀ lè ti rí nǹkan lóòótọ́, ìhalẹ̀ sì lè ba béèlì jẹ́. Bí wúrà rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ ìyá ọkọ, kí lọ́yà bá wọn dá a padà, kí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí.