Èsì: mọ́tò alágolo tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ò yí mọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní mọ́tò agolo sadíìnì tẹ́ ẹ ṣe lọ́mọdé ti dípẹtà, pé ẹ́ńjìnnì kékeré tẹ́ ẹ yọ lára rédíò kásẹ́ẹ̀tì ò yí mọ́, ẹ má jù ú nù o jàre. Ẹ fi wáyà ẹ̀ méjèèjì kan orí àti ìdí bátìrì, tí ò bá mira ẹ fọwọ́ yí irin àárín ẹ̀ díẹ̀ kẹ́ ẹ tún un kàn, ìdọ̀tí ló sábà máa ń dínà iná. Tó bá ń fẹ̀yìn rìn, ẹ kàn pààrọ̀ ibi tẹ́ ẹ fi wáyà méjèèjì kàn lára bátìrì ni. Ẹ má kun mọ́tò náà lọ́dà tuntun o, àpá ìpẹtà yẹn ló dùn! Lọ́dọ̀ wa l'Ẹ̀pẹ́, pákó táwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi bá gé kù la fi ń ṣe ọ̀nà tí mọ́tò náà ń gbà, a ó gbẹ́ ojú tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín pákó náà, ìṣó abẹ́ mọ́tò á wọ̀ ọ́, sílípáàsì màmá mi ni mo gé ṣe táyà, ìkan ṣì wà lọ́wọ́ mi.