"Má jí ajá tó ń sùn": ọ̀rọ̀ ara ògiri ilé Craigievar

Ẹnìkan béèrè pé: kí ni "tower house" tí àwọn ará Skọ́tlándì ń kọ́ láyé àtijọ́, ṣé ilé ọmọ ogun ni? Kí sì ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ajá tó wà nínú ilé Craigievar?

Ilé ìdílé ni, kì í ṣe bárékè. Onílẹ̀ ló ń kọ́ ọ fún aya àtọmọ, àmọ́ ó ń kọ́ ọ bí ẹni tó mọ̀ pé ọ̀tá lè dé lóru. Kò tẹ́ rẹrẹ bí agbo ilé tiwa. Òkè ni wọ́n ń gbé e lọ: ilé ìdáná àti àká nísàlẹ̀, gbọ̀ngàn lórí wọn, yàrá ìbùsùn lórí gbọ̀ngàn. Lọ́dún 1535, àwọn aṣòfin wọn tilẹ̀ pa á láṣẹ pé kí onílẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ bá tó iye kan mọ odi olókùúta, kí àwọn ènìyàn rẹ̀ lè rí ibi kó ẹrù sá sí.

Nínú gbogbo wọn, Craigievar ní Aberdeenshire, lápá àríwá ìlà-oòrùn Skọ́tlándì, ni mo fẹ́ràn jù. Ìdílé Mortimer ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, owó wá tán lọ́wọ́ wọn. William Forbes, tí òwò ìlú Danzig (Gdańsk ní Poland lónìí) sọ di olówó, rà á lọ́dún 1610, ó sì parí rẹ̀ lọ́dún 1626. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni ẹ ó bá wọlé, ilẹ̀kùn irin sì tún wà níbẹ̀, yett lorúkọ rẹ̀: ọ̀pá irin tí wọ́n kì bọ inú ara wọn bí ìgbà téèyàn hun apẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbójú sókè, ẹ ó rí àwọn ilé rogodo tó so mọ́ igun rẹ̀, ògiri pupa rẹ́súrẹ́sú. Ẹni tó fẹ́ kí ayé mọ̀ pé òun là ló kọ́ èyí.

Ọ̀rọ̀ ajá náà wà pẹ̀lú àmì ìdílé Forbes, ní èdè Scots, èdè àwọn ará Skọ́tlándì: "Doe not vaiken sleiping dogs," ìyẹn ni pé, má jí ajá tó ń sùn. Bí àwa náà ṣe ń sọ pé kí èèyàn má fọwọ́ kan ilé agbọ́n ni. Lójú tèmi, onílé gan-an ni ajá yẹn: mo sinmi, ẹ má tọ́ mi.

Láti 1963 ni National Trust for Scotland, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo àwọn ilé àtijọ́, ti ń tọ́jú rẹ̀, tí wọ́n ń mú àlejò káàkiri inú rẹ̀. Wọn ò fi iná mànàmáná sí àwọn yàrá òkè, ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé nìkan ni. Bí òjò bá ṣú, bó ṣe ń ṣókùnkùn fún àwọn Forbes náà ni yóò ṣókùnkùn fún yín.